Mọ́tò fàdákà RS-540: olówó pọ́ọ́kú tí à ń pa kó tó dàgbà

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ rìmóòtù Tamiya tí èèyàn máa ń tò fúnra rẹ̀, mọ́tò fàdákà, ìyẹn mọ́tò tí agolo rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ló sábà máa ń bá nínú páálí. Èyí tí Mabuchi ń ṣe, RS-540SH, ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń yọ ọ́ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n á ní kò mọ eré é sá, wọ́n á tún ní kì í tọ́jọ́. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́. Èkejì ni kò jọ òótọ́ lójú mi, torí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn án gan-an ló pa á: iná bátìrì LiPo 2S (ìyẹn onísẹ́ẹ̀lì méjì) tó kún dé 8.4 fóóltì láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, píńíọ̀nù, ìyẹn jíà kékeré orí ṣáàfùtì mọ́tò, tó ju agbára rẹ̀ lọ, ọ́ìlì tí kò kàn án rí láti ọjọ́ tó ti kúrò nínú ọ̀rá. Tí ẹ bá fi sùúrù fi iṣẹ́ mọ́ ọn lára kó tó fojú kan ilẹ̀, tí ẹ sì ń tọ́jú rẹ̀ lásìkò, mọ́tò yìí dára ju orúkọ tí wọ́n fún un lọ. Àbùkù rẹ̀ tòótọ́ ni pé kò ṣeé tú. A ó dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Agolo rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 36, ó gùn tó nǹkan bí 50, ṣáàfùtì rẹ̀ sì nípọn 3.17. Ihò sikúrù M3 wà lójú rẹ̀, mílímítà 25 ló wà láàárín méjì tó kọjú síra wọn, ìdí nìyẹn tó fi bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mu láìfi ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe. Nínú rẹ̀, òòfà ferrite méjì lẹ̀ mọ́ ara agolo. Àmáṣọ̀, ìyẹn irin oníwáyà tó ní orí mẹ́ta, ń yí láàárín wọn. Ní ìdí àmáṣọ̀ ni kọ́mútétọ̀ wà, bàbà roboto tí wọ́n pín sí mẹ́ta, búrọ́ọ̀ṣì káábọ̀nù méjì sì ń fara ra á lọ́tùn-ún lósì láti gbé iná wọ inú wáyà. Búùṣì ni ṣáàfùtì jókòó lé ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kì í ṣe bọ́ọ̀lù bíárìn. Tí ẹ bá rí 6527 lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, 65 ń sọ pé wáyà náà nípọn 0.65 mílímítà, 27 sì ni iye ìgbà tí wáyà yí orí kọ̀ọ̀kan ká. Ibẹ̀ ni 27T ti wá. Bí iye yìí bá ṣe ń dínkù ni mọ́tò á máa sáré sí i, tí á sì máa jẹ iná sí i. Torque-Tuned ti Tamiya jẹ́ 25T, Sport-Tuned jẹ́ 23T. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú fàdákà, títì pa ni wọ́n tì wọ́n bíi tirẹ̀, ìtọ́jú kan náà ló sì yẹ wọ́n.

Kí ló dé tí mọ́tò tuntun fi ní láti kọ́ iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀? Kọ́mútétọ̀ rí roboto, àmọ́ ojú búrọ́ọ̀ṣì tuntun kò tíì gba ìrísí rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí méjèèjì bá kọ́kọ́ pàdé, ojú tóóró kan péré ni wọ́n fi ń kanra. Gbogbo iná tó yẹ kó gba odindi ojú búrọ́ọ̀ṣì kọjá á wá há sí ibi tóóró yẹn. Ibẹ̀ á gbóná, á máa ta pàrà, pàrà yẹn á sì dá ihò wẹ́wẹ́ sára bàbà. Bàbà tí ojú rẹ̀ ti hun báyìí á máa fá búrọ́ọ̀ṣì jẹ, eruku káábọ̀nù á máa kún inú agolo, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ báyẹn, kì í padà. Ohun tí à ń wá ni kí búrọ́ọ̀ṣì jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi ràdọ̀ bo kọ́mútétọ̀, láìsí ooru, láìsí pàrà ńlá, láìsí ẹrù kankan lórí ṣáàfùtì. Kò sí idán míì níbẹ̀.

Ẹ yọ píńíọ̀nù kúrò. Ẹ kán ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́, irú ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán kan sí búùṣì iwájú, ẹ̀kán kan sí ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣàn sílẹ̀. Ẹ so mọ́tò mọ́ pákó kó má baà máa fò kiri; tí ẹ bá fẹ́ fi fáìsì dì í mú, ẹ má fún un, torí agolo tó bá tẹ̀ lè mú kí òòfà máa ha àmáṣọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní iná 2 sí 3 fóóltì, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni ẹ̀rọ ìpèsè iná orí tábìlì tí èèyàn lè yí fóóltì rẹ̀ sókè sódò, tó sì ń fi ámpù hàn. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè to bátìrì D méjì tẹ̀lé ara wọn, á rí fóóltì 3. AA méjì náà á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kíá ni á rẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé mọ́tò ló ń falẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé bátìrì ló ń kú lọ.

Ẹ jẹ́ kó yí fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi mẹ́wàá, kí ẹ tún tàn án. Búrọ́ọ̀ṣì mọ́tò fàdákà le, torí náà wákàtí kan àbọ̀ sí méjì lápapọ̀ kò pọ̀ jù fún un. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó wà nínú mọ́tò eré ìje kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, wákàtí méjì á kàn jẹ búrọ́ọ̀ṣì náà dànù lásán ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtọ́ni ti ń ṣi èèyàn lọ́nà nìyí, nítorí wọ́n máa ń dá iye ìṣẹ́jú kan náà fún mọ́tò gbogbo.

Kì í ṣe aago ló yẹ kó sọ fún yín pé ó tó, mọ́tò fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wo ámpù: á ga níbẹ̀rẹ̀, á máa lọ sókè sódò, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ títí á fi dúró sójú kan. Nígbà tó bá ti dúró sójú kan bẹ́ẹ̀ fún odindi ogún ìṣẹ́jú, iṣẹ́ ti parí. Ẹ tẹ́tí sí i pẹ̀lú: ariwo rẹ̀ á kọ́kọ́ máa ha, á wá di híhun kan tó lọ geere. Ẹ pa iná yàrá, ẹ yọjú wo inú ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Pàrà tó ń fò káàkiri á ti dínkù di bín-ín-tín aláwọ̀ búlúù tó dọ́gba. Tí agolo bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè gbà á nígbà tí kò gbé ẹrù kankan, nǹkan kan ń fọwọ́ pa á láti inú, bóyá búùṣì gbẹ tàbí ṣáàfùtì wọ́. Irú èyí tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ẹ dá a padà, ẹ má fìyà jẹ ara yín.

Apá ibo ni kó kọjú sí? Apá tí ọkọ̀ yóò máa gbà lọ síwájú. Òòró ni wọ́n to búrọ́ọ̀ṣì fàdákà, kò tì síbì kan, nítorí náà á yí sápá méjèèjì bákan náà. Ṣùgbọ́n ìwájú ni ọkọ̀ ń lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìrísí tí búrọ́ọ̀ṣì bá sì gbà nígbà tó ń yí sápá kan kì í bá apá kejì mu délẹ̀délẹ̀. Ẹni tó ní Clod Buster, ọkọ̀ ńlá tí Tamiya gbé jáde ní 1987, ní láti kíyè sí èyí dáadáa. Mọ́tò méjì ló ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sì dojú kọ ara wọn, torí náà bí ọ̀kan ṣe ń yí sọ́tùn-ún ni èkejì ń yí sósì. Ẹ kọ àmì sára wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún fi iye àkókò kan náà tọ́ wọn, kí ọ̀kan má baà máa fa èkejì lẹ́yìn.

Àwọn kan á ní kí lódé tí a ò fi ní so ó mọ́ ESC inú ọkọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tò, ká kàn fọwọ́ ba tírígà díẹ̀? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan náà. ESC kì í dín fóóltì bátìrì kù ní tòótọ́. Ńṣe ló ń tan iná tó ń pa á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kíákíá, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbà tó bá tan án, 7 tàbí 8 fóóltì pípé ló ń lu búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Ààbọ̀ sàn ju òfo lọ, àmọ́ bátìrì D méjì sàn ju ààbọ̀.

Ọ̀rọ̀ omi wá kù. Wọ́n á ri mọ́tò sínú ife omi, wọ́n á fi fóóltì 3 tàn án, láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì omi á dúdú kirikiri, wọ́n á ní ó ti parí. Òtítọ́ ni pé omi ń mú búrọ́ọ̀ṣì jẹ kíá, ó ń gbé eruku rẹ̀ lọ, ó sì ń tu bàbà lára. Ìdí tó fi yára náà ni ìdí tí mi ò fi gbà á fún mọ́tò tí a kò lè tú. Gbogbo dúdú tí ẹ rí nínú ife yẹn, búrọ́ọ̀ṣì ni, èyí tí ẹ kò sì ní rí rà pààrọ̀. Omi náà ń lé ọ́ìlì kúrò nínú búùṣì, ó ń wọ ibi tí wáyà ti kan irin àmáṣọ̀, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú yín kò lè dé. Ẹni tó bá ní mọ́tò tó ṣeé tú, tí búrọ́ọ̀ṣì tuntun wà nínú àpótí rẹ̀, lè ṣe é tí ìje bá ti kù dẹ̀dẹ̀: kó tú u lẹ́yìn náà, kó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú èròjà ìfọmọ́tò, kó fẹ́ ẹ gbẹ, kó kán ọ́ìlì sí i. Fún mọ́tò fàdákà, ọ̀nà gbígbẹ, láìsí omi, ni ọ̀nà rẹ̀.

Lẹ́yìn tó bá ti parí, ẹ fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, ẹ tún kán ọ́ìlì ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí i, kí ẹ tó gbé e sínú ọkọ̀. Bátìrì àkọ́kọ́, ẹ má tẹ tírígà ju ìdajì lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ dúró kó tutù, ẹ tún lọ.

Ní báyìí, ohun tó ń pa mọ́tò yìí jù lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Jíà ni. Píńíọ̀nù tó tóbi dà bí ohun tó ń fún ọkọ̀ ní eré, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tó gùn tó sì tẹ́jú. Níbòmíì, mọ́tò kò ní lè dé ibi eré tó yẹ ẹ́ láéláé. Á máa là kàkà pẹ̀lú ámpù tó pọ̀, ooru á sì máa gun orí ooru. Òòfà ferrite bá gbóná, agbára rẹ̀ ń rọ̀. Bí òòfà bá rọ̀, mọ́tò á fẹ́ jẹ iná sí i kó tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà, iná yẹn á tún mú un gbóná sí i. Èyí ni ìdí tí mọ́tò tó ń ṣe dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá fi lè jóná láàárín ìṣẹ́jú méjì tó tẹ̀lé e.

Ẹ wo ọkọ̀ TT-02 ti Tamiya gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Eyín 22 ló wà lára píńíọ̀nù tó bá a wá, 70 lára jíà ńlá, àròpọ̀ ìyípadà jíà rẹ̀ látọwọ́ mọ́tò dé táyà sì jẹ́ 8.27 sí 1. Fún mọ́tò fàdákà pẹ̀lú bátìrì NiMH 7.2 fóóltì, ìwọ̀n yìí tọ́. Tí ẹ bá gbé e lọ sí 23, ẹ ti fi bí ìdá mẹ́rin àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kún ẹrù rẹ̀. 25 ti lé ní ìdá mẹ́tàlá. Eyín kan péré ni kí ẹ máa fi kún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sá a fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ wọn ooru rẹ̀, kí ẹ tó tún ronú kan òmíràn. Lórí koríko tàbí iyanrìn, kàkà kí ẹ fi kún un, ẹ dín in kù.

Wíwọn ooru náà ní ẹ̀tàn kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Tẹ̀mómítà tí à ń nà sí nǹkan láìfọwọ́ kàn án kì í ka irin tó ń dán dáadáa; á máa sọ iye tó kéré sí òótọ́, bẹ́ẹ̀ dídán gan-an ni agolo fàdákà yìí. Ẹ lẹ téèpù dúdú tó tó èékánná ìka mọ́ ara agolo, kí ẹ máa nà án síbẹ̀. Tó bá wà lábẹ́ 70 digírì Sẹ́ńtígíréédì nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ara ń tù ú. Láàárín 70 sí 80, ẹ dín eyín kan kù. Tó bá kọjá 80, ẹ pa á, ẹ má ṣe dúró de pé bátìrì á tán. Ẹni tí kò ní tẹ̀mómítà lè fìka kàn án: tí ìka kò bá lè dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti gbóná jù. Ẹ sì wọ̀n ọ́n kété tí ọkọ̀ bá dúró, kó tó di pé ẹ ń wá ìjókòó.

Ohun míì tó ń di ẹrù lé e lórí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ni búùṣì oníke tó máa ń bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tamiya wá. Bọ́ọ̀lù bíárìn 1150, ìyẹn 5 lọ́nà 11 lọ́nà 4 mílímítà, ló ń rọ́pò púpọ̀ nínú wọn. Lójú tèmi, owó tí ẹ fẹ́ fi ra mọ́tò tó yára ju èyí lọ, ẹ kọ́kọ́ fi ra bíárìn. Bákan náà ni ibi tí jíà méjèèjì ti pàdé: ẹ fi ìwé tínínrín kan sáàárín wọn, ẹ tì wọ́n súnmọ́ra, ẹ di sikúrù, kí ẹ fa ìwé náà yọ. Tó bá jáde pẹ̀lú ìṣẹ́po wẹ́wẹ́ láìya, ó tọ́. Jíà tó fún ara wọn jù ń ti ṣáàfùtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, búùṣì iwájú ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Ẹ ṣọ́ra fún sikúrù tó gùn jù pẹ̀lú. Èyí tó bá wọ inú agolo jìnnà lè fẹnu kan wáyà àmáṣọ̀, ìyẹn sì lòpin mọ́tò náà.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá sá a nínú eruku, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ihò kan kó gba ìkejì jáde. Lẹ́yìn bátìrì márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ kán ọ́ìlì sí búùṣì méjèèjì, ẹ̀kán kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ́ìlì tó bá ṣàn dé kọ́mútétọ̀ á pò mọ́ eruku káábọ̀nù di ẹrẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ yìí á kún àlàfo tó pín bàbà náà sí mẹ́ta, iná á sì máa gba ibẹ̀ kọjá láìwọ inú wáyà. Mọ́tò á gbóná, kò ní lágbára, ẹ ó sì máa dá bátìrì lẹ́bi.

Tí ẹrẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, èròjà ìfọmọ́tò inú agolo ló yẹ, irú èyí tó ń gbẹ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì ọkọ̀ gidi le jù fún un, ó lè jẹ ike tó wà ní ìdí mọ́tò. Ẹ fún un wọlé láti ihò ìdí, kí ẹ fọwọ́ yí ṣáàfùtì, kí ẹ máa fún un títí ohun tó ń ṣàn jáde á fi mọ́. Ẹ má tan án nígbà tó ṣì tutù. Ọ̀pọ̀ nínú èròjà yìí ń gbiná, pàrà búrọ́ọ̀ṣì sì tó láti tanná ràn án. Ẹ dúró kó gbẹ pátápátá, ẹ kán ọ́ìlì tuntun sí búùṣì torí èyí tó wà níbẹ̀ ti bá a lọ, kí ẹ wá fi fóóltì 3 yí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn bátìrì ogún sí ọgbọ̀n tó. Fífọ ọ́ ní gbogbo ìgbà kò ṣe é lóore.

Wáyà àti sódà, ìyẹn òjé tí à ń yọ́ láti fi so wáyà: áyọ̀ọ̀nù sódà tó gbóná dáadáa, wátì 60, ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, ẹ gbé e kúrò. Áyọ̀ọ̀nù kékeré tó ń pẹ́ lórí rẹ̀ ló ń yọ́ ike ìdí mọ́tò, tí búrọ́ọ̀ṣì á fi wọ́. Kapasítọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ 104 sí lára, ìyẹn 0.1 µF, ló ń pa ariwo tí pàrà ń fi sínú rédíò: ọ̀kan láti ojú wáyà kan sí ìkejì, méjì tó kù láti ojú wáyà kọ̀ọ̀kan sí ara agolo. Ẹ fi sáńdípépà fá ara agolo kí sódà tó mú un. Díóòdù Schottky, èròjà tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, tí àwọn ìwé àtijọ́ ń sọ, ẹ gbàgbé rẹ̀ tí ESC yín bá ní ẹ̀yìn lílọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ ẹ̀yìn, iná á gba inú díóòdù náà kọjá tààrà.

Àbùkù tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ló kù. Ilé iṣẹ́ ká etí agolo mọ́ ìdí mọ́tò fàdákà. Èèyàn lè fi pílíásì tẹ̀ ẹ́ ṣí, ṣùgbọ́n kò tìtorí títú ṣe é, kì í sábà padà wọ̀ bó ṣe wà. Ìgbà tí búrọ́ọ̀ṣì bá tán, mọ́tò tán. Mọ́tò tó ṣeé tú yàtọ̀: sípíríǹgì àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà níta, ẹ lè yọ wọ́n wò. Ojú búrọ́ọ̀ṣì tó ń dán láti etí dé etí ti bá iṣẹ́ mu. Èyí tó dán láàárín nìkan kò tíì parí. Tí wáyà tó so mọ́ búrọ́ọ̀ṣì bá ti di búlúù, ooru ti jẹ ẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sípíríǹgì rẹ̀, torí sípíríǹgì tó ti gbóná kì í tẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kọ́mútétọ̀ tó dára ní àwọ̀ búráùn kan tó dọ́gba. Èyí tó bá dúdú tàbí tó ní ipa jínjìn, ẹ̀rọ ìfá kọ́mútétọ̀ ló kù, bí 0.02 mílímítà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ fi abẹ tínínrín yọ ẹ̀fá bàbà kúrò nínú àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun lórí kọ́mútétọ̀ tí ojú rẹ̀ ti hun, owó ló sọnù yẹn. Bí ẹ bá sì ti pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ padà sí fóóltì 3.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ràn kó máa tú nǹkan, tó sì ṣe tán láti ra búrọ́ọ̀ṣì, kó lọ sọ́dọ̀ èyí tó ṣeé tú. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà, tàbí tó ń ra fún ọmọdé, fàdákà ni kó mú. Ẹ wo ohun tí ESC yín gbà kí ẹ tó kúrò lórí 27T: Hobbywing QuicRun 1060, bí àpẹẹrẹ, gba 12T sókè lórí LiPo 2S, 18T sókè lórí 3S. Fàdákà wọ inú méjèèjì lórí ìwé, ṣùgbọ́n 3S kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ; 11.1 fóóltì ń sun búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń ra àlòkù, nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ dán wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ di orí ṣáàfùtì mú, ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì: tí ojú bá rí i pé ó ń mì, búùṣì ti jẹ. Lílọ síwá sẹ́yìn díẹ̀ kò burú, bí 0.2 mílímítà. Ẹ fọwọ́ yí i: ẹ ó rí i pé ó ń dì mú tó ń jọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà nínú yíyí kan, ó sì yẹ kí gbogbo wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ so ojú wáyà méjèèjì pọ̀, ẹ tún yí i. Ó gbọ́dọ̀ le sí i lọ́wọ́ yín ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí iná tó ń dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dá a dúró. Tí kò bá sí ìyàtọ̀ rárá, búrọ́ọ̀ṣì kò kan bàbà mọ́, tàbí wáyà kan ti já nínú. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.